Àfín, Oòrùn, àti Ìwòsàn Tó Ti Wà Lọ́wọ́ Wa

Ní ọdún 1975, Anezi Okoro, oníṣègùn awọ ara tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn awọ ara ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ nínú yín á ti mọ orúkọ yẹn láti ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí òun náà ló kọ One Week, One Trouble, ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ ilé ìwé wa kà láti ìran dé ìran. Iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí wúwo ju ìyẹn lọ. Okoro yẹ ara àwọn àfín wò ní ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí, ohun tó sì rí ni pé nínú gbogbo àwọn tó ti kọjá ẹni ogún ọdún, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí awọ rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ tàbí lọ́wọ́ àpá tó ń lọ di jẹjẹrẹ. Ẹni ogún ọdún ṣì jẹ́ ọmọ lójú òbí rẹ̀. Bí ọkùnrin ni, ó lè má tíì parí iṣẹ́ tó ń kọ́. Bí obìnrin ni, ó lè má tíì wọ ilé ọkọ. Ní ọjọ́ orí yẹn ni oòrùn ti kọ ìdájọ́ sí ara wọn.

Àbùdá àwọn àfín ni mo fẹ́ bá yín sọ, mo sì fẹ́ kí a gba ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí Okoro fi í sí. Àwọn onímọ̀ ti lo ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún láti wá ìdí tí a fi ń bí ènìyàn ní àfín, wọ́n sì ti rí i. Ohun tí mo ń jà fún ni pé ìmọ̀ náà ti pọ̀ tó láti fi gba ẹ̀mí là lónìí olónìí, ní Ìbàdàn, ní Àkúrẹ́, ní Kútọnu. Ẹni tó bá ní kí a dúró di ọjọ́ tí wọn yóò tún àbùdá náà ṣe kò tíì gbọ́ ohun tí ìwádìí náà ń sọ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìmọ̀ ọ̀hún. Ní ọdún 1908, oníṣègùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Archibald Garrod, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbà ìlú náà. Ó mú ipò mẹ́rin tí a ń bí mọ́ ènìyàn, ó fi ti àfín sí i, ó sì ní ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé iṣẹ́ kan pàtó tó yẹ kí ara máa ṣe ti dúró sí ojú kan, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn sì jogún rẹ̀. Ní àkókò yẹn, kò tíì sí ẹni tó mọ ohun tí àbùdá jẹ́ gan-an. Ohun tó tẹ̀lé e fi hàn pé Garrod rí i dáadáa. Mẹ́lánínì ni ohun tó ń mú awọ, irun àti ẹyinjú wa dúdú. Inú àwọn àpò tín-ín-tín-ín kan nínú sẹ́ẹ̀lì ni ara ti ń ṣe é, láti ara èròjà kan tí a ń rí nínú ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà tí a ń jẹ. Tyrosinase ni orúkọ òṣìṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Lára àwọn àfín kan, pàápàá ní ilẹ̀ Yúróòpù, tyrosinase fúnra rẹ̀ ló ní àbùkù. Ní Áfíríkà, irú kejì ló gbilẹ̀ jù. Tyrosinase wà lára àwọn àfín tiwa, kò sì bàjẹ́. Jíìnì mìíràn tí wọ́n ń pè ní OCA2, lórí kurómósóòmù kẹẹ̀ẹ́dógún, ni kò pé. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí fi hàn pé iṣẹ́ jíìnì yìí ni láti dẹ inú àpò náà kí ó má bàa kan jù. Bí inú àpò bá ti kan jù, tyrosinase yóò kàn jókòó síbẹ̀ ni, kò ní lè ṣiṣẹ́.

Ohun mìíràn tún jáde láàárín ọdún 1994 sí 1997, èmi sì kà á sí ọ̀kan nínú àwọn ìtàn tó dára jù nínú ìmọ̀ àbùdá Áfíríkà. Lára ọ̀pọ̀ àwọn àfín aláwọ̀ dúdú tí wọ́n yẹ jíìnì wọn wò, ibì kan náà ló ti gé: apá kan tó gùn tó nǹkan bí lẹ́tà 2,700 ti já kúrò nínú OCA2. Wọ́n rí i ní Tanzania, wọ́n rí i ní Zimbabwe àti Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì rí i lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú kúrò níhìn-ín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìjákúrò náà ṣẹlẹ̀, lára ẹnì kan ní ilẹ̀ Áfíríkà, nígbà láéláé, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sì gbé e kiri. Nítorí náà, bí a bá bí àfín sí ilé kan, ogún tó dàgbà ju ìlú náà fúnra rẹ̀ lọ ló ṣeé ṣe kó wọlé. Ẹni tó bá gba jíìnì tó já láti ọ̀dọ̀ baba nìkan, tàbí láti ọ̀dọ̀ ìyá nìkan, yóò dúdú bí gbogbo ará ilé rẹ̀, kò sì ní mọ̀ pé òun gbé ohunkóhun. Bí irú ẹni méjì bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ara wọn, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, àǹfààní ẹyọ kan nínú mẹ́rin ló wà pé ọmọ yóò jẹ́ àfín. Ìyá tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó bá òyìnbó lòpọ̀ kò ṣẹ̀ rárá, bàbá tó sá fi ilé sílẹ̀ nítorí ọmọ náà sì ti fi ìdajì ogún ọ̀hún lélẹ̀ kó tó sá.

Kí wá ni àìsí mẹ́lánínì ń ṣe? Nínú awọ ẹni dúdú, mẹ́lánínì máa ń gun orí ibi tí DNA wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó ń bò ó bí akẹtẹ̀ ṣe ń bo orí àgbẹ̀ lóko ọ̀sán. Ìtànṣán oòrùn tí ojú kò lè rí yóò bá a níbẹ̀, kò sì ní rí ọ̀nà wọlé púpọ̀. Lára àfín, ìtànṣán náà ń bọ́ sórí DNA ní tààrà. Yóò fọ́ ọ, ara yóò tún un ṣe, yóò tún fọ́ ọ, títí di ọjọ́ tí àtúnṣe kan yóò fi kùnà, tí sẹ́ẹ̀lì náà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láìgbọ́ràn. Awọ á kọ́kọ́ pọ́n, á nípọn, á sé eépá lórí etí, lórí imú, lórí ètè, lẹ́yìn ọrùn, lórí ẹ̀yìn ọwọ́. Orí, ojú àti ọrùn ni jẹjẹrẹ náà sábà máa ń bá, nítorí ibẹ̀ ni aṣọ kì í dé. Irú tó pọ̀ jù lára àwọn àfín ilẹ̀ wa kì í sáré tàn kiri inú ara bíi ti àwọn jẹjẹrẹ mìíràn. Ó máa ń fún ènìyàn ní àkókò. Eépá kékeré tí oníṣègùn bá tètè rí, ó lè fi naitirojín olómi tó tutù rinrin pa á láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí aláìsàn sì gba ilé rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Eépá kan náà, bí a bá fi agbo fọ̀ ọ́ fún ọdún méjì, tí ó sì jẹ dé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, iṣẹ́ abẹ ńlá àti ìtànṣán ìtọ́jú ni yóò bèèrè, àwọn yẹn náà sì lè má ràn án lọ́wọ́ mọ́.

Àwọn àgbà wa ní àfín kì í jẹ iyọ̀, pé iyọ̀ ló ń mú àmì dúdú yọ sí i lára. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó sọ ọ́, nítorí ojú wọn rí àmì náà, wọ́n sì mọ̀ pé kò dára. Ohun tó fà á ni wọ́n ṣì mú. Oòrùn ló ń mú àwọn àmì yẹn yọ, wọ́n sì jẹ́ ẹ̀rí pé awọ náà ti ń gba ju agbára rẹ̀ lọ. Ẹ wo ohun tó ń ti ibẹ̀ yọ: a lè fún ọmọ ní ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ láti kékeré, kí a sì rán an lọ pọn omi ní agogo méjìlá ọ̀sán láìbo orí.

Mo wá dé ibi tí àwọn kan yóò ti ta kò mí. Wọn yóò ní ayé ti lọ jìnnà ju fìlà àti aṣọ alápá gígùn lọ, pé wọ́n ti ń wo àrùn awọ ara tí a jogún sàn láti gbòǹgbò. Òótọ́ ni. Ní ọdún 2015, wọ́n gbé ọmọkùnrin ẹni ọdún méje kan wá sí ilé ìwòsàn ní ìlú Bochum ní Jámánì. Àìsàn àjogúnbá kan tó ń mú awọ ṣí kúrò lára ti bó èyí tó pọ̀ jù nínú awọ rẹ̀. Michele De Luca àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Modena, Ítálì, gba ìwọ̀nba awọ díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n fi jíìnì tó pé sínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, wọ́n gbìn ín títí ó fi di awọ tuntun, àwọn oníṣẹ́ abẹ sì fi bo nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ara ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, ọmọ náà ti padà sí ilé ìwé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Vyjuvek, oògùn kan tí wọ́n ń fi sójú egbò fún irú mìíràn nínú ìdílé àìsàn yẹn kan náà, tó ń gbé jíìnì tó pé wọ inú awọ. Ìyanu ni iṣẹ́ wọ̀nyí, mi ò sì ní dín iyì wọn kù. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n dá lé oògùn 2023 yẹn lé ní 600,000 dọ́là fún aláìsàn kan láàárín ọdún kan. Láfikún sí i, àìsàn náà kò jọ ti àfín. Ẹni tí awọ rẹ̀ ń ṣí kò ní ọ̀nà mìíràn tó lè gbà bọ́ lọ́wọ́ ìrora. Inú awọ fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá wà. Ìta ni ọ̀tá àfín wà, ó ń yọ ní àárọ̀, ó ń wọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa la sì mọ wákàtí tó máa ń mú jù.

Ti àfín pàápàá, wọ́n ti dán oògùn wò. Nitisinone jẹ́ oògùn tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ fún àìsàn ẹ̀dọ̀ kan tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọdé. Ní ọdún 2011, àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn eku tó jẹ́ àfín ní oògùn yìí, irun àti ojú wọn sì dúdú sí i. Wọ́n wá fún àgbàlagbà márùn-ún lò fún ọdún kan gbáko. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019, irun àti awọ ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí i kí ìríran wọn sunwọ̀n sí i. Irú àfín kìíní sì ni àwọn wọ̀nyí, èyí tí tyrosinase rẹ̀ ní àbùkù. Ti OCA2, tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sí nínú àdánwò náà. Ìdí tún wà tí ọ̀nà àbùdá fi le fún àfín. Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe mẹ́lánínì fọ́n ká gbogbo ara, láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ojú sì nílò mẹ́lánínì láti inú oyún kí ibi tó ń rí nǹkan kedere nínú rẹ̀ tó lè dàgbà bó ṣe yẹ. Ọmọ tí a bá bí láìsí i, ibẹ̀ kò ní pé, ẹyinjú rẹ̀ á máa gbọ̀n, yóò sì ṣòro gan-an láti fi oògùn dá a padà nígbà tó bá dàgbà. Mo fẹ́ kí ìwádìí náà máa tẹ̀ síwájú. Mi ò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú nígbà tó ń dúró dè é.

Àwọn tó wà ní Moshi, ní Tanzania, lẹ́bàá òkè Kilimanjaro, kò dúró. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn oníṣègùn awọ ara wà níbẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 2010, Mafalda Soto Valdés, apòògùn kan láti Sípéènì, bá wọn dá ilé iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń po ìpara tó ń dènà oòrùn fún àwọn àfín. KiliSun ni wọ́n pè é. Ohun tó wú mi lórí jù nínú ètò náà ni bí wọ́n ṣe ń pín in. Ọ̀fẹ́ ni àfín ń gbà á, ibi tó sì ti ń gbà á ni ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera tó ń yẹ awọ rẹ̀ wò. Ẹni tó wá gba ìpara ni wọ́n ń rí eépá kékeré lára rẹ̀ kó tó di ńlá. Àwọn àfín fúnra wọn wà lára àwọn tó ń ṣe ìpara náà. Mi ò rí ìdí kan tí irú rẹ̀ kò fi lè wà ní ọ̀kan nínú àwọn ilé ìwòsàn olùkọ́ni wa, níbi tí a ti ní apòògùn, tí a ní oníṣègùn awọ ara, tí a sì ní àwọn àfín tí kò níye.

Ẹlòmíràn yóò ní owó dà? Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí ìpara tó dára gbowó lórí lọ́jà wa, ó sì yẹ kí a máa tún un pa ní wákàtí méjì-méjì bí ènìyàn bá wà níta. Ìdáhùn mi ni pé ìpara kọ́ ló ṣáájú. Akẹtẹ̀ tó fẹ̀, aṣọ alápá gígùn tí a hun pọ̀ dáadáa, agbòòrùn, àti yíyẹra fún ìta láti agogo mẹ́wàá àárọ̀ sí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ṣáájú. Ibi tí aṣọ kò lè dé ni ìpara wà fún. Àwọn kan tún ń fi òrí dípò rẹ̀. Òrí dára fún awọ tó gbẹ, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ láti dá oòrùn dúró kéré gan-an, kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ àfín lé e lọ́wọ́. Bí a bá sì ń sọ ti owó, ẹ lọ wo ìsọ̀ ìpara ní ọjà èyíkéyìí. Ìpara tí àwọn ènìyàn fi ń bóra kún ibẹ̀ dé òkè, owó ńlá ni wọ́n sì fi ń rà á, láti fi yọ mẹ́lánínì tí ì bá gba ẹ̀mí àfín là ká ní ó ní in. Ìlú tó lè rí owó fún èyí kò lè sọ pé òun kò ní fún ìyẹn.

Àtakò kan tún wà tí mo gbà pé ó wúwo, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tó kàwé ló ń sọ ọ́. Wọ́n ní: a ti kọ́ láti ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a tó fẹ́ra, tí AS bá rí AS kí wọ́n yà kí wọ́n má bàa bí ọmọ tó ní SS, kí ló dé tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ sí OCA2 kí a má bí àfín mọ́? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 fojú bù ú pé ní Áfíríkà, àfín tó ẹnì kan nínú 5,000 sí ẹnì kan nínú 15,000. Bí a bá mú iye àkọ́kọ́, ìṣirò àbùdá sọ fún wa pé nǹkan bí ẹnì kan nínú 36 nínú wa ló gbé jíìnì náà láìmọ̀. Bí a bá mú èkejì, ó jẹ́ nǹkan bí ẹnì kan nínú 62. Kò sí ìdílé ńlá kan tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iye kọ́ ni ohun tó ká mi lára jù. Ẹni tó ní SS ń ru ìrora àìsàn rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ibi yòówù kó sá sí. Àfín tí a bo lára, tí a yẹ̀ wò déédéé, tí a gbé sí iwájú nínú kíláàsì, tí a ra awò ojú fún, kò sí ìdí tí kò fi lè dàgbà di arúgbó kó sì rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìmọ̀ràn àbùdá dára fún tọkọtaya tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń bọ̀. Kí a sọ ọ́ di ọ̀nà láti pa irú ènìyàn kan rẹ́ kúrò láyé, nígbà tí ohun tó ń pa wọ́n kò ju àìsí fìlà àti àìsí oníṣègùn lọ, ìyẹn ni mi ò lè fara mọ́.

Àwọn tó mọ àṣà yóò sì rán mi létí pé ẹni òrìṣà ni àfín, pé Ọbàtálá ló dá wọn bẹ́ẹ̀, pé ká má fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀. Èmi náà gbà pé ìyì wà nínú àṣà yẹn, nítorí ó dá ààbò bò wọ́n ní ibi púpọ̀ nígbà tí àwọn mìíràn ń ṣe wọ́n léṣe. Kò sí ohun tí mo sọ tó lòdì sí i. Kò sẹ́ni tó ní kí a sọ àfín di dúdú. Ẹni tí a bá kà sí ti òrìṣà, ṣé kò yẹ kí a tọ́jú ara rẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ?

Ibi tí ó kù sí wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣèjọba àti àwọn tó ń ṣe ilé ìwé. Àwọn àfín fúnra wọn ti sọ̀rọ̀: Jake Epelle dá àjọ àwọn àfín kan sílẹ̀ ní Àbújá ní 2006, ọmọ Nàìjíríà, Ikponwosa Ero, sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn láti máa ṣọ́ ẹ̀tọ́ àwọn àfín ní gbogbo ayé, ní ọdún 2015. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà orílẹ̀-èdè lórí àfín ní 2012, òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀ sì jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ìwé ti wà. Ṣùgbọ́n títí di òní, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló ṣì ń kó ọmọ àfín jáde pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti gé koríko ní ọ̀sán gangan, nínú aṣọ ilé ìwé alápá kúkúrú tí òfin ilé ìwé kò jẹ́ kó pààrọ̀, wọ́n sì ń gba fìlà lórí rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà nítorí pé kò sí lára aṣọ ilé ìwé. Ọ̀gá ilé ìwé tó bá jáwọ́ nínú nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí lọ́la, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ti ṣe fún ọmọ náà ju ohun tí oògùn àbùdá èyíkéyìí tíì ṣe fún un lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ kan nínú oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tí nọ́ọ̀sì kan tí a ti kọ́ yóò fi yẹ awọ gbogbo àfín àgbègbè náà wò láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ láti fi ẹni tó ní eépá ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà.